Iṣẹ́ Ènìyàn Mọ́kànlá, Orúkọ Ẹnì Kan

Ní ìparí oṣù January ọdún 2021, ikọ̀ Detroit Lions àti Los Angeles Rams ṣe pàṣípààrọ̀ kan tí kò wọ́pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: kọ́tábáàkì kan lọ, kọ́tábáàkì kan bọ̀. Kọ́tábáàkì ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí eré. Matthew Stafford kúrò ní Detroit, ó forí lé Los Angeles. Jared Goff kúrò ní Los Angeles, ó forí lé Detroit. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ pe orúkọ wọn nínú draft (ètò tí àwọn ikọ̀ fi ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún) ní ọdún tiwọn, Stafford ní 2009, Goff ní 2016. Ṣùgbọ́n Rams gbà pé ọjà tí àwọn fẹ́ rà dára ju èyí tí àwọn fẹ́ fi sílẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ ní ìpele kìíní draft lẹ́ẹ̀mejì, àti ti ìpele kẹta lẹ́ẹ̀kan, ṣe èènì lé Goff lórí.

Ọdún 12 ni Stafford lò ní Detroit láì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ playoff (ìdíje ìparí sáà) kankan. Ọdún àkọ́kọ́ tó lò ní Los Angeles, ó gba Super Bowl, ife tó ga jù lọ nínú eré náà. Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ọkùnrin náà dára látilẹ̀, àwọn tó yí i ká ni kò dára. Ó dáa. Kí la wá fẹ́ sọ nípa Goff, tí Rams tì síta bí ẹni pé òun gan-an ni ìṣòro? Ní sáà 2023, ó gbé Detroit dé ẹnu ọ̀nà Super Bowl. Lójú ọ̀nà ibẹ̀, ní January 2024, Rams tí Stafford ń darí ló nà, 24 sí 23, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Detroit borí nínú playoff láti January 1992. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Detroit borí nínú 15 lára ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17.

Ẹni tí wọ́n ní kò dára di ẹni iyì níbòmíì, ẹni tí wọ́n ní kò lè borí borí níbòmíì, ara àwọn méjèèjì kò sì yí padà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá àwọn tó yí kọ́tábáàkì ká ló ń gbé e ga, mi ò ní jiyàn rárá. Ibi tí mo ti ní àríyànjiyàn ni bí a ṣe ń pín ẹ̀bi àti ìyìn. Yáàdì àti ìborí tí à ń kọ sí orúkọ kọ́tábáàkì, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Sack, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá gbé e ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, tí à ń dì ru àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Fún ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló mọ̀: ènìyàn 11 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba mẹ́rin míì. Márùn-ún nínú 11 náà tò síwájú: sẹ́ńtà láàárín, gáàdì kan ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan ní òsì, lẹ́yìn náà tackle kan ní ìkángun ọ̀tún, ọ̀kan ní ìkángun òsì. Àwọn ni mò ń pè ní ẹ̀ṣọ́ iwájú. Sẹ́ńtà á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ fún kọ́tábáàkì, kọ́tábáàkì á sì pinnu bóyá òun máa jù ú fún receiver tó ń sáré lọ níwájú, tàbí òun máa gbé e lé running back lọ́wọ́, tàbí òun máa gbé e sáré fúnra òun. Bí adìlémú bá gbé e ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, sack nìyẹn, yáàdì tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ á sì dín kù. Kọ́tábáàkì tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù máa ń kọ ẹ̀yìn sí apá òsì, ìdí nìyí tí left tackle fi máa ń gba owó gọbọi: òun ló ń ṣọ́ ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè rí.

Gbogbo eléyìí kì í kọjá bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta.

Ká mú eré kan wò. Àǹfààní kẹta ni, yáàdì 8 ló kù, gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló mọ̀ pé wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù yìí. Sẹ́ńtà á wo iwájú, á na ìka sí linebacker kan (adìlémú tó dúró lẹ́yìn àwọn tó wà níwájú), á pariwo nọ́ńbà rẹ̀. Orí ẹni yẹn ni gbogbo wọn ti máa bẹ̀rẹ̀ ìkà, kí oníkálukú lè mọ ẹni tí òun máa dá dúró. Ká ní ohun tí wọ́n pinnu ni pé mẹ́ta nínú wọn á rọ́ sí apá òsì, méjì tó kù á kojú ẹni tó wà níwájú wọn lápá ọ̀tún, running back á sì mú linebacker tó bá já wọlé lápá ọ̀tún náà. Ètò yìí gún régé, àfi bí ẹni méjì bá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn àwọn méjì tó ti wà lápá ọ̀tún. Ẹnì kan á ṣẹ́ kù tí kò ní alátakò. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ṣọ́ kankan. Kọ́tábáàkì ló ni ẹni yẹn: ó yẹ kó ti mọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ló jò, kó sì yára ju bọ́ọ̀lù sí ojú ibi tí ẹni tó já wọlé náà ti kúrò. Bó bá dúró wò ó, wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀, àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n á sì máa bú àwọn márùn-ún iwájú.

Ẹ̀bi tó jẹ́ tiwọn lóòótọ́ wà. Left tackle máa ń fi ẹsẹ̀ òde sún sẹ́yìn ní ìdábùú, èjìká rẹ̀ á ṣì máa kọjú síwájú. Bó bá ti tètè yí èjìká sí òde nítorí ìbẹ̀rù eré sísá adìlémú, ọkùnrin yẹn á ṣẹ́rí padà, á gba inú wọlé, ọ̀nà inú yẹn ló sì kúrú jù dé ọ̀dọ̀ kọ́tábáàkì. Èyí tó tún burú ni bí adìlémú méjì bá pa ipò dà: ẹni ìkángun á já lu gáàdì, ẹni inú á yípo lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ sí òde. Ohun tó yẹ ni kí gáàdì àti tackle fi ẹni tí wọ́n ń bá jà lé ara wọn lọ́wọ́. Bí gáàdì bá tẹ̀ lé ẹni tirẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òun àti tackle á kọlu ara wọn, ọ̀nà á sì là gbayawu. Kò sí agbára nínú ìyẹn, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni. Márùn-ún tí wọ́n ti jọ ń ṣeré fún ọdún méjì máa ń ṣe é láìsọ̀rọ̀. Márùn-ún tí wọ́n kó jọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í rí i ṣe, bó ti wù kí wọ́n sanra tó.

Ti receiver náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé kó sáré yáàdì 12 kó tó ya sí àárín, yáàdì 12 náà ni, kì í ṣe 10, kì í ṣe 14. Kọ́tábáàkì tó mọṣẹ́ kì í dúró kó rí i pé ó ti ya. Bí ẹsẹ̀ karùn-ún rẹ̀ bá ti tẹlẹ̀ lẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ á ti máa gbéra. Bí receiver bá gé yáàdì méjì kúrò, bọ́ọ̀lù á lọ síbi tí òun kò sí, adìlémú ẹ̀yìn á sì já a gbà. Orúkọ kọ́tábáàkì ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Bí bọ́ọ̀lù bá kan receiver lọ́wọ́ méjèèjì tó fò sókè, tí ọ̀tá gbé e, orúkọ kọ́tábáàkì náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìyà ẹ̀ṣọ́ ṣe ń jẹ kọ́tábáàkì tó gbóná, kó padà lọ wo Super Bowl LV, February 2021, Kansas City Chiefs pẹ̀lú Tampa Bay Buccaneers. Patrick Mahomes ni kọ́tábáàkì Kansas City. Eric Fisher tó jẹ́ left tackle rẹ̀, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú. Mitchell Schwartz tó ń ṣọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn ń dùn ún láti October. Laurent Duvernay-Tardif tó jẹ́ gáàdì, dókítà ni. Ó ti fi gbogbo sáà náà sílẹ̀ láti lọ ṣètọ́jú àwọn aláìsàn ní Kánádà nígbà àrùn kòrónà. Wọ́n wá sún Mike Remmers sí òsì, wọ́n mú Andrew Wylie tó jẹ́ gáàdì lọ sí ìkángun ọ̀tún. Tampa kò tilẹ̀ nílò láti rán ju adìlémú mẹ́rin lọ láti lépa Mahomes lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ìgbà 56 tí Mahomes padà sẹ́yìn láti ju bọ́ọ̀lù, wọ́n há a mọ́ ní ìgbà 29. Kansas City kò ní touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ọ̀tá) kan, 31 sí 9 ló parí sí.

Eré kan wà nínú ìdá kẹrin ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi iye lórí ìwé dá kọ́tábáàkì lẹ́jọ́ wò. Wọ́n lé Mahomes kiri títí ó fi ṣubú, gbogbo ara rẹ̀ sì gùn gbalaja lófuurufú nígbà tó ju bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù náà fò tààrà, ó lọ bá Darrel Williams lójú ìbòrí irin rẹ̀ nínú àgbègbè touchdown, ó sì já bọ́. Bí ìwé ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, Mahomes ju bọ́ọ̀lù kan tí kò dé.

Kansas City kò wá kọ́tábáàkì míì kiri. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n lọ rà: Joe Thuney, Orlando Brown, lẹ́yìn náà wọ́n yan Creed Humphrey gẹ́gẹ́ bí sẹ́ńtà, àti Trey Smith tó jẹ́ pé ìpele kẹfà draft ló ti jáde. Ní February 2023 wọ́n pàdé Philadelphia Eagles, tí wọ́n ti ṣe sack 70 ní sáà yẹn. Wọn kò rí ẹyọ kan ṣe sí Mahomes. 38 sí 35, Kansas City gba ife. Ní February 2025 àwọn méjèèjì tún pàdé, lásìkò yìí Thuney tó jẹ́ gáàdì ló ń ṣe left tackle. Philadelphia kò rán ju mẹ́rin lọ nígbà kankan, wọ́n sì gbé Mahomes ṣánlẹ̀ ní ìgbà 6, 40 sí 22. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí mẹ́rin bá tó láti dé ọ̀dọ̀ kọ́tábáàkì, méje ló kù lẹ́yìn láti ṣọ́ receiver tí kò lè ju márùn-ún lọ. Kò sí ojú tó ríran tó láti rí ẹni tó dá wà nínú irú ìyẹn.

Lórí yáàdì, ìwé kan náà tó ń rẹ́ kọ́tábáàkì jẹ náà ló tún ń pọ́n ọn kọjá ẹ̀tọ́. Bó bá ju bọ́ọ̀lù yáàdì kan péré sí running back lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹni yẹn sì sáré 70, yáàdì 71 ni wọ́n á kọ fún kọ́tábáàkì. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní òun gbin igba. Ẹ wo Tom Brady: ní 2006, touchdown 24 ló jù fún New England Patriots. Ní 2007 wọ́n ra Randy Moss àti Wes Welker wá bá a, ó di 50. Mélòó nínú rẹ̀ ni Moss nìkan gbà? 23. Brady kò kọ́ bọ́ọ̀lù jíjù láàárín oṣù mẹ́fà. Ohun tó yí padà ni pé adìlémú ẹ̀yìn méjì gbọ́dọ̀ máa fà sẹ́yìn nítorí eré sísá Moss, ààyè sì ṣí sílẹ̀ fún Welker lábẹ́ wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé Mahomes pàdánù Tyreek Hill, tí wọ́n tà fún Miami ní March 2022, síbẹ̀ ó ju yáàdì 5,250 àti touchdown 41 ní sáà yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tó kù fún un: Travis Kelce ṣì wà, akọ́nimọ̀ọ́gbá Andy Reid ṣì wà, ẹ̀ṣọ́ iwájú tuntun náà sì ti wọ ara wọn lára. Èyí ló jẹ́ kí n máa rò pé receiver ṣeé dí àlàfo rẹ̀ ju bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ṣeé dí lọ. Receiver kan tó lọ, mẹ́ta lè pín iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tackle kan tó lọ, ihò kan náà ni wọ́n á máa gbà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ó wá ku sack, èyí tí mo mọ̀ pé kì í dùn létí àwọn olólùfẹ́ kọ́tábáàkì. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n nínú eré yìí ìka ẹlòmíì ni wọ́n sábà máa ń gé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Seattle fi ń bú ẹ̀ṣọ́ iwájú wọn nítorí Russell Wilson: sack 51 ní 2018, 48 ní 2019, 47 ní 2020. Nígbà tó yá, ó lọ sí Denver ní 2022. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn, akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn, ìlú mìíràn. Sack 55, kò sẹ́ni tó jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo NFL, líìgì wọn, lọ́dún yẹn. Sack náà bá a kó ẹrù ni. Wilson fẹ́ràn kó máa di bọ́ọ̀lù mú, kó máa sá yíká, kó lè rí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Àṣà yẹn ló fún un ní ọ̀pọ̀ touchdown tó gbayì, òun náà ló sì ń gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dáadáa, tí ọ̀gá rẹ̀ wá lò márùn-ún, kí ló fẹ́ ṣe?

Òdìkejì rẹ̀ ni Peyton Manning. Ní 2009, ní Indianapolis, sack 10 péré ni wọ́n ṣe sí i ní gbogbo sáà. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá rárá. Ó máa ń ka àwọn adìlémú kó tó gba bọ́ọ̀lù, á yí ètò padà, á sọ fún ẹ̀ṣọ́ ibi tí wọ́n máa rọ́ sí, bọ́ọ̀lù á sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rẹ tackle. Brady ní Tampa Bay ní 2022 tún jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára ju ìyẹn lọ. Láàárín ẹ̀ṣọ́ iwájú rẹ̀, sẹ́ńtà Ryan Jensen fara pa kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, gáàdì Ali Marpet ti fẹ̀yìn tì, gáàdì kejì, Alex Cappa, ti lọ sí Cincinnati. Gbogbo àárín ló tú. Síbẹ̀ nínú ìgbà 733 tó ju bọ́ọ̀lù, sack 22 ni wọ́n rí ṣe sí i.

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Tampa pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9, wọ́n borí nínú 8. Bí kọ́tábáàkì ṣe ń yára jù láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù náà kì í lọ jìnnà, àwọn adìlémú á sì fún mọ́ iwájú, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní ráyè ju èyí tó gùn. Kọ́tábáàkì lè fi ọgbọ́n bo àṣírí ẹ̀ṣọ́ tí kò dára, kò lè fi ọgbọ́n sọ wọ́n di ẹ̀ṣọ́ tó dára.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo sack ló ń tẹ̀ lé èèyàn. Goff fúnra rẹ̀ jẹ sack 26 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 péré tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó sì pàdánù méjèèje. Ní 2017 ó jẹ 25 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ láàárín. Wọ́n mú Andrew Whitworth, àgbà left tackle tó ti pé ẹni ọdún 35, wá láti Cincinnati. Wọ́n sì fi Sean McVay, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Rams tó gba àmì tó kéré jù lọ ní NFL ní 2016 di ikọ̀ tó gba èyí tó pọ̀ jù lọ ní 2017.

Ohun tí McVay ṣe yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé akọ́nimọ̀ọ́gbá bí wọ́n bá ń ka àwọn tó yí kọ́tábáàkì ká. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú ìbòrí kọ́tábáàkì. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni wọ́n ní láàárín eré kan àti òmíràn, ẹ̀rọ náà sì máa ń kú nígbà tó bá ku 15. McVay á mú kí ikọ̀ rẹ̀ sáré tò síwájú nígbà tí àkókò ṣì pọ̀, àwọn adìlémú náà á ní láti tò, òun á sì wo bí wọ́n ṣe dúró láti ẹ̀gbẹ́ pápá, á máa sọ ọ́ sí Goff létí títí ẹ̀rọ á fi kú. Ìyẹn ni pé ojú méjì ló ń bá Goff wò ó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Super Bowl ti February 2019, New England dí gbogbo ọ̀nà yẹn pa, àmì mẹ́ta péré ni Rams rí gbà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà.

Ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn láti fi wọn ìpín kọ́tábáàkì ni kí n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí kò sí níbẹ̀. Ìwọ̀n méjì ló wà tí wọ́n ta kora. Ní 2008, orúnkún Brady bàjẹ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Matt Cassel tó gba ipò rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí kọ́tábáàkì láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ní yunifásítì, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí. New England borí nínú 11 nínú 16. Kansas City rí i, wọ́n ní àwọn ti rí kọ́tábáàkì, wọ́n rà á. Ọdún àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n borí nínú 4. Ilé ọlọ́lá ló ti jáde, kò lè kó ilé náà dání.

Ẹ wá wo Indianapolis ní 2011. Manning kò lè ṣeré nítorí ọrùn rẹ̀. Ikọ̀ tó borí nínú 10 lọ́dún tó ṣáájú borí nínú 2, ó pàdánù 14. Ní New England, akọ́nimọ̀ọ́gbá Bill Belichick àti ètò rẹ̀ ni òpó ilé. Ní Indianapolis, Manning gan-an ni ètò náà. Wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, nígbà tí ojú náà kò sí mọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nítorí náà ẹni tó bá ní ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìbéèrè yìí, ikọ̀ kan ṣoṣo ló ti wò.

Ti ìborí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Manning kan náà ju touchdown 55 ní 2013 fún Denver, iye tí ẹnikẹ́ni kò jù rí ní sáà kan ní NFL, Seattle sì nà án 43 sí 8 ní Super Bowl. Ní 2015 ó ti darúgbó, touchdown 9, bọ́ọ̀lù 17 ni ọ̀tá já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba Super Bowl. Von Miller àti àwọn adìlémú Denver ló gbà á fún un. Trent Dilfer gba tirẹ̀ pẹ̀lú Baltimore ní sáà 2000, tí àwọn adìlémú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀tá gba ju àmì 165 lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16, Baltimore fúnra wọn kò sì dá a dúró lẹ́yìn náà. Dan Marino, tó ju touchdown 48 ní 1984 nígbà tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, kò gbà á rí láyé. Ẹni tó bá ń ka ife láti mọ kọ́tábáàkì tó dára jù, àwọn adìlémú ló ń kà.

Inú mi máa ń dùn, kí n má parọ́, bí mo bá rí orúkọ wa lẹ́yìn aṣọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ tí kò lórúkọ yìí. Olumuyiwa Fashanu, tí wọ́n ń pè ní Olu, tackle ni. New York Jets yan án ṣe ẹni kọkànlá nínú draft 2024. Dare Ogunbowale, running back, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní NFL. Gbogbo èèyàn rántí ọjọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Houston ní November 2023 nítorí pé agbábọ́ọ̀lù-wọlé wọn fara pa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo máa ń wò lọ́dọ̀ irú running back bẹ́ẹ̀ ni ti àǹfààní kẹta: kó dúró, kó gba linebacker tó ń bọ̀ tagbáratagbára láyà, kí ọ̀gá rẹ̀ lè ráyè ju bọ́ọ̀lù kan. Kò sí ìwé ìṣirò tó ń ka ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ wo kọ́tábáàkì bó ṣe yẹ, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀, tí kò sì tíì jù ú, tí kò sí ẹni tó há a mọ́, ojú rẹ̀ ni kò rí ohun tó yẹ. Bó bá jù ú láìsún ẹsẹ̀ síwájú nígbà tí iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀rù ìyà àná ló ṣì ń bà á. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ẹ̀ṣọ́ wọn kò dára. David Carr ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Houston yan án ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní 2002, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ àkójọpọ̀ sí iwájú rẹ̀, ó jẹ sack 76 lọ́dún náà, iye tí kò sẹ́ni tó tíì jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó ti di 249. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́ irú kọ́tábáàkì tí ì bá jẹ́.

Èyí tó wá pín ọkàn mi sí méjì ni ti Cincinnati Bengals. Joe Burrow, kọ́tábáàkì wọn, ya iṣan orúnkún ní November 2020, ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní draft 2021 wọ́n ní àǹfààní karùn-ún láti yan ọ̀dọ́. Penei Sewell, tackle tó dára jù lọ́dún yẹn, wà nílẹ̀. Ja'Marr Chase, receiver tó ti bá Burrow ṣeré ní yunifásítì, náà wà nílẹ̀. Wọ́n mú Chase. Èmi ì bá mú Sewell. Burrow jẹ sack 51 ní sáà yẹn, ó jẹ 9 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú Tennessee nínú playoff tó sì borí, ó wá jẹ 7 nínú Super Bowl pẹ̀lú Rams. Ní àǹfààní kẹrin tó kẹ́yìn, yáàdì kan ló kù fún wọn, àmì mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Chase ti já adìlémú tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀, ó ń sáré lọ lóun nìkan. Aaron Donald gba àárín ẹ̀ṣọ́ wọlé, ó di Burrow mú, ó ń yí i bí ó ṣe ju bọ́ọ̀lù náà sínú afẹ́fẹ́. 23 sí 20. Láìsí Chase, wọn ò ní dé ibẹ̀. Pẹ̀lú Chase nìkan, wọn ò lè kọjá ibẹ̀.

Ní March ọdún 2022, Cincinnati lọ ra ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: Ted Karras, Alex Cappa, La'el Collins. Sack Burrow já sí 41. Mẹ́wàá yẹn, owó tí wọ́n ná lórí ẹ̀ṣọ́ ló rà á. Nínú 41 tó kù, ẹ wo fídíò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ ó rí èyí tí gáàdì jẹ̀bi rẹ̀, ẹ ó sì rí èyí tó pọ̀ níbi tí Burrow ti di bọ́ọ̀lù mú kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tó ń wá Chase.